Àwọn tí mo sanwó fún kí wọ́n bá mi wádìí lẹ́nu oníbàárà àti aláró

Mo ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, níbí ní Abẹ́òkúta. Ìyá ọkọ mi ló fi ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́, àwọn aláró tó ń pa aṣọ fún wa ní Kẹ́mta sì ti ń bá wọn ṣe kí n tó wọlé ọkọ. Àmọ́ kì í ṣe aṣọ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Iṣẹ́ kan ni mo sanwó fún, mo sì fẹ́ sọ bí mo ṣe rí i. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan, ọkùnrin méjì, obìnrin kan, gba yàrá kan sí Òkè-Ìlẹ̀wó. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n lọ bá àwọn tó ń ra ọjà rẹ sọ̀rọ̀, àti àwọn tó mọ iṣẹ́ ọjà náà dénú, kí wọ́n jókòó tì wọ́n, kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí wọ́n sì wá jíṣẹ́ fún ọ.

₦400,000 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. A nájà á dé ₦280,000, owó ọkọ̀ wọn àti owó tí wọ́n fún àwọn tó dá wọn lóhùn wà nínú rẹ̀. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn: owó mi kò ṣègbé. Àmọ́ ibì kan wà tó jẹ́ pé wọ́n fi ìwé ṣe é, wọn ò fi ilé ṣe é, mo máa dé ibẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí àbùkù tí mo fẹ́ kà kò tó ohun tí èèyàn fi ń ba oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n, kó wá bi mí ní ṣọ́ọ̀bù, kó sì ra yáàdì márùn-ún kó tó lọ.

Ìṣòro tí mo gbé tọ̀ wọ́n lọ rèé. Àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi lórí Instagram àti WhatsApp máa ń rà á lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á fi ọkàn pupa ránṣẹ́, wọ́n á ṣàdúrà pé ọjà á tà, ó parí nìyẹn, wọn ò ní padà wá mọ́. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ ara wọn wá sí Ìtòkú ń padà wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti bá mi ṣe fọ́ọ̀mù kan tẹ́lẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì fèsì. Kí ni wọ́n wí? Aṣọ dára gan-an. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Àwọn á tún rà. Ta ni nínú wa tó máa kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé ọjà obìnrin tó ń pe òun ní “olówó mi” kò dára? Mo ka èsì náà lákàtúnkà, n ò rí ohun tí mo lè fi ṣe.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yìí, mo rò pé wọ́n máa na ìwé ìbéèrè sí mi. Èyí obìnrin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Mọ̀mí, ká ní a bá yín rí ìdí rẹ̀, kí ni ẹ lè yí padà nínú iṣẹ́ yín? Ẹ sọ ìyẹn ná.” Mo ní mo lè yí bí a ṣe ń pa aṣọ padà, mo lè pààrọ̀ aṣọ funfun tí a ń rà, mo lè yí bí a ṣe ń dì í ránṣẹ́. N ò lè dín owó. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ohun tí wọ́n máa wá kò ní kọjá ibi tí ọwọ́ mi lè dé, torí ẹni tó bá wá ohun gbogbo, ìwé gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ ló máa gbé wá sílé. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀ sí wọn.

Mo fẹ́ kí wọ́n bá ọgọ́rùn-ún èèyàn sọ̀rọ̀, torí pé owó tí mo san pọ̀ lójú mi. Wọ́n kọ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn sọ fún mi pé lọ́dún 2006, àwọn olùwádìí mẹ́ta kan, Guest, Bunce àti Johnson, tún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 60 yẹ̀ wò, èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn obìnrin ní Gánà àti ní Nàìjíríà wa yìí. Nígbà tí wọ́n fi máa ka méjìlá tán, èyí tó pọ̀ jù nínú kókó tó wà nínú gbogbo rẹ̀ ti jáde, àwọn tó kù kàn ń tún un sọ ni. Àmọ́ ó kìlọ̀ fún mi pé ìyẹn jẹ́ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jọra. Tí a bá da kọ́pà, ìyàwó ilé àti oníbùtíìkì Èkó pọ̀, méjìlá kò ní tó. Torí náà wọ́n pín wọn: àwọn tó rà lẹ́ẹ̀kan tí wọn ò padà, àwọn tó ń padà, àti àwọn aláró lọ́tọ̀. Mo gbà fún un. Ẹni tó bá lè ṣàlàyé ìdí tí òun fi máa ṣe iṣẹ́ tó kéré, tí kò sì fi ẹnu dídùn bò ó, ó ṣeé gbà gbọ́.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn lọ síbì kan. Wọ́n ní kò dáa, pé tí oníbàárà bá rí mi, ìyìn ló máa kù lẹ́nu rẹ̀. Mo taku. Wọ́n wá bi nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Aṣẹ́rò bóyá ó gbà kí èmi náà wà níbẹ̀, ó gbà, wọ́n sì fi mí jókòó sẹ́yìn, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí ẹ rí bí ọmọbìnrin yẹn ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. Kò bi í pé ṣé aṣọ dára. Kò bi í pé ṣé á tún rà. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè gbé aṣọ náà wá ká jọ wò ó?” Nọ́ọ̀sì lọ sí yàrá, ó pẹ́ kó tó jáde. Ìsàlẹ̀ àpótí ló ti yọ ọ́. Ọmọbìnrin yẹn wá ní kí ó sọ bó ṣe lò ó láti ọjọ́ tó dé ọwọ́ rẹ̀, kó máa sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀: ta ló gbà á, ta ló rán an, ibo ló wọ̀ ọ́ lọ, ìgbà wo ló kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi fífọ̀, nọ́ọ̀sì ní, “Mo kàn fọ̀ ọ́ náà ni,” ó sì dákẹ́. Ọmọbìnrin yẹn náà dákẹ́. Kò wo fóònù, kò yí ìwé, ó kàn ń wò ó pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà gùn débi tí èmi tí mo wà lẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ là á. Nọ́ọ̀sì ló padà là á fúnra rẹ̀: aṣọ náà àti yúnífọ́ọ̀mù funfun òun ni òun jọ rẹ sínú ọṣẹ. Aró yọ, yúnífọ́ọ̀mù bàjẹ́, ó sì jẹ́ ọjọ́ tí ó kù díẹ̀ kó lọ síbi iṣẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ fi ẹjọ́ sùn torí pé màmá náà ṣèèyàn. Èmi ni màmá náà. Èmi ni mo jókòó sẹ́yìn.

Wọ́n ní ọgbọ́n tó ti pẹ́ ni pé kí èèyàn má béèrè èrò ọkàn, kó béèrè ọjọ́ kan pàtó tí ọ̀rọ̀ dáa tàbí tí ó burú. John Flanagan, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1954, láti ara iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí àwọn awakọ̀ òfuurufú ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé fọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì yẹn wà lórí fóònù mi títí di òní, “ó dára gan-an” ló kọ síbẹ̀.

Ohun kejì tí wọ́n rí kò sí nínú iṣẹ́ tí mo rán wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ló dárúkọ télọ̀. “Télọ̀ mi ní kò ní tó.” “Télọ̀ mi ní kí n lọ fi kún un.” Nítorí náà wọ́n bẹ télọ̀ kan ní Pànṣẹ́kẹ́, wọ́n jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò bi í ní ohun tó pọ̀. Wọ́n kàn ń gbọ́ ohun tó ń sọ fún àwọn tó gbé aṣọ wá. Bí ó bá ti gbé àdìrẹ lé tábìlì, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ṣe ni kó fi téèpù wọn fífẹ̀ rẹ̀, kó sì mí kanlẹ̀. Aṣọ wa kò fẹ̀ tó àǹkárá tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́, yáàdì márùn-ún tiwa kì í sì í gbé ohun tí yáàdì márùn-ún àǹkárá ń gbé. Lẹ́yìn náà ó máa ń sọ pé bátànì tí wọ́n fi ọwọ́ ya kì í bára mu níbi ojú rírán. Ó ń lé oníbàárà lọ fún mi láìmọ̀, kò sì sọ irọ́ kankan. Ẹni tó wá sí Ìtòkú fúnra rẹ̀ ti fi ojú wọn fífẹ̀ aṣọ kó tó sanwó. Ẹni tó rí i lórí fóònù kò mọ̀, ẹnu télọ̀ ló ti máa gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá ní kí n yan ẹyọ ohun kan tí mo rí gbà fún owó mi, ọ̀rọ̀ télọ̀ yìí ni mo máa yàn.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé bíbá oníbàárà sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí bíbá ẹni tó mọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀.

Màmá àgbà kan wà ní Kẹ́mta tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Àwọn ọmọ náà lọ bá wọn, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ṣàlàyé ẹni tó rán wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀, pé àwọn máa pa á rẹ́ tí iṣẹ́ bá parí, pé Òfin Ààbò Dátà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2023 ní kí àwọn gba àṣẹ kí àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá gbọ́ “òfin,” wọ́n gbọ́ “ìjọba,” wọ́n ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn sápò. Wọ́n bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ tún fẹ́ gba sódà lọ́wọ́ wa ni?”

Àwọn ọmọ náà kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, èmi mọ̀ ọ́n. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò láti Sẹ̀nẹ̀gà ń wá ra àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ọjà dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n di ẹ̀bi ru aró òyìnbó àti sódà tí àwọn aláró ń dà sínú ìkòkò aró, Aláké Ladapo Ademola Kejì sì fòfin de méjèèjì. Àwọn obìnrin aláró jà á. Lọ́dún 1936, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí rẹ̀, àwọn aláró sì lọ sọ tẹnu wọn níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí lẹ́nu aláró Ẹ̀gbá, kó lọ bi àwọn ìyá ìyá wa. Ohun tí màmá fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ẹni tó ń béèrè máa fi ìdáhùn ṣe, ìbéèrè yẹn sì tọ́.

Wọn ò bá màmá jà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sápò, wọ́n mú bírò. Ìjókòó àkọ́kọ́ yẹn kò mú nǹkan kan wá. Wọ́n bi màmá bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí aró má baà yọ, màmá ní, “A máa ń fọ̀ ọ́ dáadáa ni.” Wọ́n bi wọ́n nípa sódà, màmá ní, “A mọ bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n.” Ògbóǹtarìgì ni màmá, ọwọ́ wọn ti mọ́ iṣẹ́ náà débi pé wọn ò rí ohun tó wà nínú rẹ̀ tó tó sọ. Wọ́n wá bẹ màmá kí wọ́n jẹ́ kí àwọn padà wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pa aṣọ, kí màmá máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì máa sọ ohun tí wọ́n ń rò bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Màmá gbà.

Lọ́jọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ jáde. Màmá yọ aṣọ nínú ìkòkò, ó jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé, kò tíì dúdú. Wọ́n tẹ́ ẹ síta. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn jẹ ẹ́ ná.” Afẹ́fẹ́ ló ń sọ àwọ̀ ewé yẹn di dúdú. Wọ́n ń fọwọ́ kan etí aṣọ, wọ́n ń wò ó, wọ́n ní kò tíì tó, wọ́n ní ó ti tó, wọ́n dá a padà sínú ìkòkò. Nígbà tí ó yá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn gbé tirẹ̀ wọlé kí ó tó dúdú tán, màmá sì pariwo mọ́ ọn: “Ìwọ ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́ nílé oníbàárà!” Ó jọ pé bí iṣẹ́ orí fóònù bá ti pọ̀, àwọn ọmọ máa ń kánjú. Wọn kì í jẹ́ kí atẹ́gùn jẹ ẹ́ tó, wọ́n á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ó yẹ kí wọ́n fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́. Aró tí kò wọ inú aṣọ, ara rẹ̀ ló dúró sí, ibẹ̀ ló sì ti yọ sára yúnífọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì. Èmi tí mo ti ń gba aṣọ lọ́wọ́ màmá láti ọjọ́ yìí, wọn ò sọ ọ́ fún mi rí, torí pé n ò dúró tì wọ́n rí ju kí n kó aṣọ lọ.

Àbùkù wọn wá rèé. Wọ́n ní ara ìlànà iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n kó èèyàn mẹ́jọ jókòó sójú kan, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ ẹnì kan máa fa ti ẹlòmíràn yọ. Robert Merton, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà ló fi ìlànà yẹn lélẹ̀ ní àwọn ọdún 1940. Ó dáa fún Columbia. Wọ́n kó kọ́pà mẹ́ta, oníṣòwò méjì, akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbéyàwó lọ́la, àti ọ̀gá àgbà iléèwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n fún wọn ní ọ̀fàdà àti mọ́ọ̀tì. Ọ̀gá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ iyì àdìrẹ, pé àdìrẹ kò ní àbùkù kankan. Kí ni ẹ rò pé àwọn tó kù wí? “Bí mọ̀mí ṣe sọ ọ́ náà ni.” Ọ̀kan nínú àwọn kọ́pà, tí mo mọ̀ dájú pé aṣọ rẹ̀ ṣá lóṣù kan, ló ń mi orí jù. Odidi ọ̀sán, oúnjẹ, owó ọkọ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá ni wọ́n, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti dàgbà. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ibi tí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán, ọmọdé kì í dá a lẹ́kun níwájú àlejò. Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n tún kó àwọn kọ́pà àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ láìsí àgbà níbẹ̀, owó oúnjẹ nìkan ni mo san. Ní ọjọ́ kejì yẹn, ariwo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ya òrùlé.

Èyí tó tún bí mi nínú ni ìwé ìjábọ̀. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán róbótó-róbótó. Ta ni wọ́n rò pé ó máa kà á ní Kẹ́mta? Mo ní kí wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n jókòó sórí àpótí, kí wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́ fún èmi àti àwọn aláró. Wọ́n ṣe é, ó sì wúlò ju ìwé lọ. Ìdádúró tó wà nínú iṣẹ́ wọn, n ò bá wọn wí sí i: ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ìwé kò gbọ́ Ẹ̀gbá ẹnu àwọn ìyá wa, ọ̀kan nínú wọn ló fi ọwọ́ tẹ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n dábàá pé kí n máa fún ẹni tó bá padà wá ní ẹ̀dínwó. N ò gbà. Ẹni tí aṣọ mi ba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ẹ̀dínwó kọ́ ló ń wá. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ti ń kọ fífẹ̀ aṣọ sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ìwé kékeré sínú ẹrù tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, mo sì ti fi kún owó àwọn aláró kí wọ́n lè fi àkókò sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ẹjọ́ ti dínkù. Bóyá wọ́n á padà wá rà, ọdún ló máa sọ.

Ta ni iṣẹ́ wọn bá mu? Ẹni tó bá ń ta ohun tí àwọn èèyàn ń lò nílé, tí kò sì rí wọn nígbà tí wọ́n ń lò ó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye èèyàn tó fẹ́ràn pupa ju dúdú lọ, kó má lọ, iṣẹ́ onífọ́ọ̀mù nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín sọ fún wọn ẹni tí kò gbọdọ̀ bá ẹni jókòó pọ̀, kí ẹ sì gba ìjábọ̀ lẹ́nu, kì í ṣe nínú ìwé nìkan.

Iṣẹ́ kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí wọ́n bá mi ṣe. Àwọn aláró wa kò fẹnu kò lórí ìwọ̀n sódà, ẹnikẹ́ni kò sì ní já ìyá ẹgbẹ́ nírọ́ lójúkojú. Wọ́n ní ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Delphi, tí àwọn ará RAND, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní àwọn ọdún 1950. Wọ́n á bi àgbà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọ́n á kó ìdáhùn wọn jọ láìsí orúkọ, wọ́n á gbé e padà fún wọn kí kálukú tún èrò rẹ̀ yẹ̀ wò, títí wọ́n á fi súnmọ́ ara wọn. Ó wù mí, torí kò sí ẹni tó máa dójú ti ẹnì kan. Àmọ́ mo sọ fún wọn pé tí wọ́n bá yọ orúkọ, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo Kẹ́mta ló máa mọ ẹni tó ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn kọ ọ́. Wọ́n gbà. Owó ló kù: wọ́n ní ₦150,000, mo ní ₦90,000, a ṣì wà lórí rẹ̀.